Ọkùnrin Tí Ó Yá Fìlà Lọ sí Ìbòkun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ méjì láti yunifásítì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Upper Sakponba. Wọ́n wọ kóòtù nínú ooru Benin yìí, òógùn sì bò wọ́n. Èyí tó dàgbà nínú wọn, tó ní Olúṣèyí ni orúkọ òun, sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní Ugbowo láti fi bu ọlá fún olóògbé Pírófẹ́sọ̀ Adégbọlá Èṣùbíyì, ọ̀mọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀, torí pé èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣú mi lópó. Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: gbà sílẹ̀. Ẹ ó rò pé inú kànga ni mo wà, tí ẹnìkan sọ okùn sí mi.

Mo kọ ojú ìwé kan fún wọn. Mo ní èèyàn dáadáa ni, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí ọkùnrin tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Èyí tí mo ń kọ yìí jẹ́ ti ara mi àti ti àwọn ọmọ mi, àwọn tí mo ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi píjìn dá mi lóhùn. Bí ó bá gba pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò kà á fún wọn, kí wọ́n wá a.

Mi ò pe ọkùnrin yìí ní Adégbọlá rí. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, ó máa ń fún un ní orúkọ tirẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n mú mi wá sí Benin bí ìyàwó lọ́dún 1967, ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí sójà kún ìgboro, ọkọ mi Adéwùnmí ní ìsọ̀ pákó kan ní Upper Sakponba yìí. Àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Ìbàdàn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ sójà ń kọjá níwájú ilé, gbogbo wa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń kàwé, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Akọ̀wé rèé o." Orúkọ tó mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn títí ó fi kú. Bí a bá sì máa ka ọjọ́ orí, èmi àti òun kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ.

Kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́, kí àwọn ará Ugbowo tó fi òyìnbó bò ó mọ́lẹ̀. Kò mọ ọkọ̀ wà. Ó ra ọkọ̀ ìjàpá kan, Ọmọ́tọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á, òun á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa kàwé, á máa jẹ gúgúrú. Kì í dé fìlà, ó ní ó ń mú orí òun gbóná. Ó gbọ́ èdè Edo dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi ń sọ ọ́, àwọn obìnrin Edo á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á sì tún gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún un lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá wá kí mi lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹran tó tóbi jù ló máa ń bù fún ara rẹ̀, kò tijú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, èyí tí kò gba owó lé lórí, ni ti àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ. Opó tí wọ́n lé jáde nílé, ayálégbé tí onílé ká páànù lórí rẹ̀ kí ó lè kó jáde, ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní àtìmọ́lé tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó ṣe fún un. Ó máa ń mú àwọn lọ́yà ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí lọ́yà kankan yanu kí òun tó bi ẹni náà ní ìbéèrè kan: "Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́?"

Ìbéèrè yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà mìíràn. Opó kan wà ní àdúgbò Iyaro tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ síta. Lọ́yà méjì ti múra ilé ẹjọ́, wọ́n ti kó ìwé jọ rẹpẹtẹ. Akọ̀wé bi í ní ohun tó fẹ́. Obìnrin náà ní ìkòkò òun ni òun fẹ́ kó jáde, pẹ̀lú fọ́tò ọkọ òun, torí pé ọkùnrin kan ti ń dúró de òun ní Sapele. Àwọn lọ́yà bínú, Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì rẹ̀ kí ó lè nu ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a ru ìkòkò dé mọ́tò.

Ọ̀nà kejì tó ní ni pé kì í bá àgbàlagbà jiyàn. Á lọ jókòó tì wọ́n, yálà Edo ni tàbí Yorùbá, á ní, "Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é látijọ́?" Á jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ títí tí ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ á fi kan ibi tí ọ̀nà wà. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀kan, mo fi ń tẹ bátànì aṣọ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, ó sì mọ̀. Nígbà tí àwọn sójà tún gba ìjọba, wọ́n mú òun náà, wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ tó jáde, ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ẹnu rẹ̀, ẹjọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà ló ń rò fún wa, kò sọ tirẹ̀. Mo bú u gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé òun ní ìyàwó àti ọmọ ni. Lẹ́yìn náà mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 yìí ni àìsàn ọkàn mú un lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ ní gbangba, kí gbogbo rẹ̀ má jẹ́ kìkì ajàfẹ́tọ̀ọ́, ajàfẹ́tọ̀ọ́.

Àwọn Olúṣèyí bi mí pé níbo ni ó ti kọ́ ọ̀nà méjèèjì yìí. Wọ́n rò pé n ó dárúkọ ìwé kan. Ara mi ni ó ti kọ́ ọ, lórí àṣìṣe ńlá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ní 1973, Adéwùnmí kú. Inú rírun ni, kò pẹ́, kò gùn. A ní ọmọ méjì, Adébùkọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò tíì mọ̀ pé bàbá òun kò ní wọlé mọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo máa sọ yìí kí ó ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé ti parí ìwé rẹ̀ nígbà náà, ó ti gba iṣẹ́ ní yunifásítì tuntun, ó gba yàrá ní Iyaro, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò wá wò wá. Ọkùnrin oníwèé yìí á fa omi kún àmù mi. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi, á máa kọ́ Bùkọ́lá ní ìwé, èmi á máa rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó di pé bí ilẹ̀ bá ti ń rọ̀, ojú mi á máa wá ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni àwọn ẹbí ọkọ mi máa wá láti Ìbòkun, ìlú wọn. Àwọn ará Ìbòkun wa kì í fi opó sílẹ̀ lásán, ọmọ ìyá ọkọ ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́. Ta sì ni ọmọ ìyá Adéwùnmí tó kù bí kì í ṣe Akọ̀wé? Ẹ̀rù kò bà mí. Mo máa wà ní Benin, mo máa wà pẹ̀lú ọmọ mi, maṣíìnì mi á wà níbi tó wà. Nígbà tí mo tún ro ẹni tí wọ́n fẹ́ fà mí lé lọ́wọ́, ayọ̀ kan yọ́ wọ inú mi, kí Adéwùnmí dárí jì mí.

Wọ́n dé. Bàbá Sùlè, àbúrò bàbá wọn, ló ṣáájú, pẹ̀lú kọ́fíọ̀ Mẹ́kà lórí àti obì lẹ́nu. Oyèbọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ń dá oko kòkó, tó ti ní ìyàwó méjì, tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, èmi jókòó sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ dúdú lára. Bàbá Sùlè kí wa, ó ṣe àdúà, ó ní, "Adégbọlá, ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ rẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ rèé."

Akọ̀wé dìde. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kò gbà, òun kò sì ní gbà láéláé. Ó ní obìnrin kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń gùn tí ó ń fi sílẹ̀ fún àbúrò. Ó dárúkọ òfin, ó dárúkọ àdéhùn tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, ó ní obìnrin yìí ní òmìnira, obìnrin yìí ní ẹ̀tọ́. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ "obìnrin yìí", ó ń nàka sí mi bí tíṣà tó ń nàka sí pátákó ìkọ̀wé. Kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo ṣe jókòó níbẹ̀, ìtìjú bò mí. Ọkùnrin tí ojú mi ń wá lọ́nà ti kọ̀ mí ní gbangba, kò sì mọ̀ pé kíkọ̀ ni.

Nígbà tó jókòó, Bàbá Sùlè tu obì ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ó dáa. Adégbọlá ní òun ò ṣe. Oyèbọ́lá ńkọ́?"

Oyèbọ́lá ní ilé òun gbà mí.

Bó ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ní bí ilé-ìwé bá ti parí, Oyèbọ́lá á mú lọ́rì wá, á kó èmi àti ẹrù mi lọ sí Ìbòkun. Mo bi wọ́n pé bí mi ò bá fẹ́ ńkọ́. Bàbá Sùlè kò bínú, ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní bí mi ò bá fẹ́, ilé bàbá mi ń bẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa dè mí. Ṣùgbọ́n ọmọ Èṣùbíyì ni àwọn ọmọ, ilé Èṣùbíyì ni wọ́n máa gbé.

Ó di Saturday, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iyaro pẹ̀lú aṣọ dúdú mi, ìyẹn tí opó kì í wọ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ṣílẹ̀kùn. Ó mú ṣíbí dání, ó ń dín dòdò, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ́tọ́lá, àfẹ́sọ́nà Akọ̀wé, nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo bí Akọ̀wé ṣe dìde láti ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan tí mo ti ń fi ọkàn rò láti ọjọ́ yìí wá di ìwà òmùgọ̀ lójú ara mi. Ìyẹn tún dá kún ìbínú mi.

Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣé o. Ẹ ti gbà mí. Ilé Oyèbọ́lá ni ẹ gbà mí lọ."

"Ìyá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó."

"Ẹ̀tọ́ yín ni mo ń jà fún."

"Ta ló rán yín? Ẹ bi mí? Ẹ sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu yín, ẹ ní mo ní òmìnira, ṣé ẹ bi òmìnira náà pé kí ló fẹ́ jẹ? Gbogbo ìwé tí ẹ kà ní Ìbàdàn yẹn, kò sí ọ̀kan tó ní kí ẹ yíjú sí obìnrin tó jókòó sílẹ̀ kí ẹ bi í léèrè? Bàbá Sùlè kò bi mí, mi ò dá a lẹ́bi, àgbàlagbà ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Dòdò ń jóná. Ọmọ́tọ́lá kò yí i. Ó ní, "Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ," ó sì yíjú wo Akọ̀wé.

Mo rò pé ó máa jiyàn. Ó mọ iyàn jà, ó lè fi jẹun. Ṣùgbọ́n ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́?"

Mo bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí Adéwùnmí ti kú, wọ́n ti kí mi, wọ́n ti bá mi dárò, wọ́n ti sọ ohun tí opó ń jẹ fún mi àti ohun tí kì í jẹ, kò sí ẹni tó bi mí ní ìyẹn. Mo ní mo fẹ́ wà ní Benin. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ máa rán aṣọ mi. Mo wo dòdò tó ti dúdú nínú agbada, mo dákẹ́ níbẹ̀.

Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí Ìbòkun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mú òfin kankan dání. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Sùlè obìnrin ṣì wà láyé nígbà náà, Ìyá Àgbà, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó ti gbàgbé orúkọ gbogbo èèyàn tí kò sì gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà èwe. Akọ̀wé jókòó tì í, ó ń bọ́ ọ ní ẹ̀kọ, ó ń bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣú opó látijọ́. Ìyá Àgbà ní látijọ́, wọn kì í pín obìnrin bí ẹran iléyá. Àwọn ọmọ ilé lọ́kùnrin á kó fìlà wọn sórí ẹní, opó á sì mú èyí tó bá wù ú. Bí ó bá ní ọmọkùnrin, tí kò fẹ́ ọkọ mọ́, á mú fìlà ọmọ rẹ̀, á jókòó sábẹ́ ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu níbikíbi tó bá ń gbé. Ó ní ohun tí òun fúnra òun ṣe nìyẹn nígbà tí ọkọ òun kú. Bàbá Sùlè wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Kò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́, ó sì ti rántí.

Bàbá Sùlè ní ó dáa. Bí ti àtijọ́ ni Akọ̀wé fẹ́, kí a ṣe é pé. Gbogbo ọkùnrin ilé ló máa kó fìlà sílẹ̀, pẹ̀lú òun Akọ̀wé. Ohun tí obìnrin náà bá sì mú, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kọ̀. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà, òun búra. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò ronú sí i rárá. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀.

Ó padà wá mú wa ní Benin. Mo fi àjákù aṣọ òkè Adéwùnmí rán fìlà kékeré kan fún Bùkọ́lá. Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ni Akọ̀wé tó rántí pé òun fúnra òun kò ní fìlà. Ó sáré bá bàbá onílé wa, bàbá Edo kan tó ń gbé iwájú ilé, ìyẹn fún un ní fìlà onírun kan tó máa ń dé nígbà ọyẹ́. Mo ní ṣé kò rí òmíràn ni. Ó ní fìlà ni fìlà ń jẹ́.

Pálọ̀ Bàbá Sùlè ní Ìbòkun kún fọ́fọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àárín, wọ́n to fìlà sórí rẹ̀. Ti Oyèbọ́lá wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ti àwọn ìbátan mìíràn wà níbẹ̀. Ti Bùkọ́lá wà ní ìparí. Láàárín wọn ni fìlà onírun ti bàbá onílé wà, ó wú bí ológbò tó sùn.

Bàbá Sùlè ní, "Fìlà wo rèé?"

Akọ̀wé ní, "Tèmi ni, Bàbá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Sùlè kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó kù sí ọ lọ́wọ́. Eléyìí tó bá wù ọ́."

Mo dìde. Mo kọjá fìlà Oyèbọ́lá, ó mí kanlẹ̀. Mo kọjá òmíràn. Mo dé ibi fìlà onírun, mo dúró.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo máa dúró. Mo gbójú sókè, mo wo Akọ̀wé. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Mo rí i bó ṣe yé e. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara wọn. Ó ti búra níwájú gbogbo ẹbí pé ohun tí mo bá mú kò ní yí padà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, bí mo bá nawọ́, Benin di tèmi, ọmọ mi di tèmi, òun náà sì di tèmi, kò sí ẹni tó máa sọ pé mo ṣe ohun tí kò tọ́. Ọmọ́tọ́lá á gbọ́ ọ ní Iyaro, á sunkún, á fẹ́ ẹlòmíràn. Ó wù mí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí orí mi ti funfun, ó wù mí gan-an.

Kò mi orí. Kò fi ojú bẹ̀ mí. Ó kàn dúró, ó ti ṣe tán láti gbà á, torí pé èmi ni wọ́n ní kí n yàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Gbogbo àwọn tó kó fìlà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kó o sílẹ̀ nítorí pé ó wù wọ́n. Òun nìkan ni wọn kò bi léèrè. Ó wà lórí ẹní yẹn bí èmi náà ṣe wà lórí ẹní pálọ̀ wa ní Benin, tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí lára.

Mo rìn kọjá, mo mú fìlà ọmọ mi.

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. Bàbá Sùlè wò mí, ó wo Akọ̀wé, ó ní, "Ó parí." Ó nawọ́ sí Bùkọ́lá, ó dé fìlà náà fún un, ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni baálé ìyá rẹ. Inú ilé rẹ ló ń gbé. Benin ni tàbí ibikíbi."

Bùkọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Mama, me I no fit marry o. I wan go school."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ilé kejì wá wò ó. Oyèbọ́lá pàápàá rín. Ó fún wa ní iṣu nígbà tí a ń lọ.

A wọ mọ́tò ní Iléṣà. Àwọn ọmọ sùn, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ Akọ̀wé. A ti kọjá Àkúrẹ́, a ti kọjá Ọ̀wọ̀. Fìlà onírun tó mú kúrò lórí ẹní wà lórí rẹ̀, kò mọ̀ pé òun kò tíì ṣí i, òógùn ń ṣàn sí i létí. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá."

"Akọ̀wé."

"Ẹ̀rù bà mí lónìí."

"Èmi náà, ẹ̀rù bà mí."

Ó mi orí, ó ń wo igbó tó ń kọjá lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bi opó Edo, ó bi ayálégbé, ó bi ẹlẹ́wọ̀n, ó bi ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, ó bi Ọmọ́tọ́lá tí mo fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ ìgbéyàwó fún. Títí ó fi kú, kò bi mí ní ohun tó bà mí lẹ́rù nínú pálọ̀ yẹn. Ká ní ó bi mí ni, mi ò ní parọ́ fún un.